Aró bẹ́líìtì mi ń bọ́ sára ṣòkòtò oníbàárà, níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

AláwọÌbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Bẹ́líìtì ni mo ń fọwọ́ ṣe, pẹ̀lú àkọ̀ ọ̀bẹ àti àkọ̀ àdá fáwọn ọdẹ, Ìbàdàn ni mo wà, ọdún kejì rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá síbí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lánàá. Oníbàárà mi kan gba bẹ́líìtì dúdú lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó dì í mọ́dìí lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀ ní Sátidé, ṣòkòtò funfun ló wọ̀, nígbà tí wọ́n máa fi jó tán tí òógùn ti bò ó, gbogbo ìbàdí ṣòkòtò yẹn ti dúdú yíká bí ẹni pé wọ́n fi èédú fa ìlà sí i. Ó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kò tiẹ̀ bú mi, ó kàn ní "ẹ wò ó", ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo ti dá owó bẹ́líìtì padà fún un, owó ṣòkòtò náà máa tẹ̀ lé e tó bá di ìparí oṣù.

Bí mo ṣe ṣe é rèé, ẹ dákun ẹ fara balẹ̀ kà á. Awọ màlúù ni, ó nípọn tó mílímítà 4. Mo gé e, mo fi omi nù ún lójú, mo wá rẹ fóòmù sínú aró dúdú onísípírítì mo fi kùn ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn ún kó lè dúdú dénú, mi ò bu nǹkankan là á, bó ṣe wà nínú ìgò náà ni mo ṣe lò ó. Mo sá a sóòrùn bíi wákàtí kan. Ìgbà tí mo gbé e wọlé ó ti gan paali, mo bá fi òróró ẹ̀pà pa á títí tó fi rọ̀, mo wá fi fíníṣì tó máa ń dán bíi rọ́bà yẹn kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, mo jẹ́ kó nípọn torí mo rò pé òun ló máa dá aró náà dúró. Ọjọ́ kejì ni mo gbé e fún oníbàárà.

Kì í ṣe aró nìkan o. Mo tún ní àwọn aláwọ̀ búráùn mẹ́ta nílẹ̀ tí òróró ṣe bákan bákan lára wọn, ibì kan dúdú ibì kan ò dúdú, fíníṣì náà sì ń sán níbi tí mo dá ihò sí, ẹ ká a báyìí ẹ máa rí ìlà wẹ́wẹ́ funfun. Ṣé aró yẹn ni ò dáa ni abí èmi ni mo ṣì í ṣe? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi nǹkankan pa mọ́ fún mi.

Ọmọ Ìṣọ̀nà, Ọ̀yọ́

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. O ṣeun tó o dá owó ẹ̀ padà, oníbàárà yẹn ṣì máa padà wá.

Kí n tó sọ nǹkankan lórí aró, awọ wo lo rà? Torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, wọ́n á kàn lọ sọ́jà wọ́n á ní àwọn fẹ́ lẹ́dà, wọ́n á gbé èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní kúróòmù ṣe fún wọn, èyí tí wọ́n ti kùn lójú láti ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n á wá máa da aró sí i, níbo laró fẹ́ gbà wọlé? Ojú ẹ̀ ti dí. Wo ibi tó o ti fi ọ̀bẹ gé e, etí ẹ̀. Tí àárín ẹ̀ bá rí bíi búlúù tàbí bí eérú, awọ kúróòmù ni. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ara igi ló wà láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n fi èèpo igi tàbí èso igi ṣe nìyẹn, èyí tẹ́yin ọmọ ìsìnyí ń pè ní veg-tan. Kán omi kan sí i lójú, veg-tan á mu ún, ojú ibẹ̀ á sì ṣú. Tí kò bá tún dá ẹ lójú, fi iná kan ẹ̀já kékeré, eérú kúróòmù máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀.

Nílé wa níbí, awọ ewúrẹ́ la fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, làbà Ṣàngó, abẹ̀bẹ̀ awọ, tìmùtìmù. Òkè Ọya lawọ yẹn ti ń wá, èso igi bàgàrúwà làwọn Hausa fi ń ṣe é, ewúrẹ́ pupa Sókótó sì ni awọ tó dáa jù nínú wọn, òun náà ni àwọn oníràkunmí ń gbé gba aṣálẹ̀ kọjá láyé àtijọ́ tí àwọn Òyìnbó tó rà á lọ́hùn-ún wá ń pè é ní awọ Mòrókò, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti wá. Inú mi kì í dùn tí mo bá ń gbọ́ orúkọ yẹn. Pupa tẹ́ ẹ ń rí lára iṣẹ́ àwọn àgbà, ara pòròpórò ọkà bàbà kan ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n á fi kán-ún sí i kó lè yọ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ ni pé awọ yẹn mọ́ kí aró tó kàn án, kò sí ọ̀rá, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà tán. Ìka ọwọ́ tó lọ́ràá máa hàn lára awọ bí fọ́tò lẹ́yìn tó o bá ti pa á láró.

Dá mi lóhùn lórí etí awọ yẹn ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àkọ̀Ìbọn_Houston

Ẹ kúùrọ̀lẹ́ ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ bàbá Ọ̀yọ́. Houston ni mo wà, àkọ̀ ìbọn àti bẹ́líìtì ìbọn ni mo ń ṣe, ó ti ń lọ sí ọdún mọ́kànlá. Ọjà àkọ̀ pọ̀ níbí torí òfin Texas tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2021 sọ pé ẹni tó ti pé ọdún 21 tí òfin ò sì dí lọ́wọ́ lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n tí ìbọn yẹn bá hàn síta ó gbọ́dọ̀ wà nínú àkọ̀. Ooru ibí yìí pẹ̀lú ọ̀rinrin ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti Èkó, àwọn èèyàn ń dì í mọ́ra lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lójoojúmọ́, òógùn ń gba ibẹ̀ ṣàn, torí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bọ̀ọ̀dá wa yìí, èmi náà ti sanwó ẹ̀ rí.

Bọ̀ọ̀dá, aró yín lè dáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ́ ẹ kùn ún láìbu nǹkan là á ló bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ torí tó bá ti yé yín ẹ ò ní ṣì í ṣe mọ́. Inú sípírítì yẹn ni àwọ̀ wà, sípírítì ló ń gbé e wọnú awọ, awọ á mu ún débi tó lè mu ún dé, sípírítì á wá fò lọ. Èyí tí awọ ò rí mu máa gbẹ sójú ẹ̀ bíi lẹ́búlẹ́bú, ẹ lè má rí i lójú torí dúdú ni òun náà, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ ti kún awọ yẹn, kejì àti ìkẹta kàn jókòó sókè ni. Lẹ́búlẹ́bú yẹn lẹ wá da òróró lé, òróró gbé díẹ̀ nínú ẹ̀ dìde, ẹ wá fi fíníṣì bò ó mọ́lẹ̀. Fíníṣì ò di nǹkan tó ń yí lábẹ́ ẹ̀ mú. Ìgbà tí ó ká bẹ́líìtì, fíníṣì là, òógùn wọlé, aró jáde. Ọ̀rọ̀ náà ò jù báyẹn lọ. Dúdú ló sì máa ń ṣe báyìí jù nínú gbogbo àwọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísìnyí, mo máa ń kọ́kọ́ fi àkísà tó rin fún sípírítì nu gbogbo ojú awọ, torí ọ̀rá tí bàbá sọ yẹn, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo máa bu sípírítì la aró yẹn, ìdajì ìdajì, kódà tó bá jẹ́ búráùn mo lè fi sípírítì ìlọ́po mẹ́ta sí i. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sì má ṣe é nítòsí sítóòfù, sípírítì ń gba iná ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Fóòmù tàbí òwú tí mo bá fi kùn ún, mo máa ń yí ọwọ́ roboto, mi ò kì í fà á gbọọrọ, torí fífà gbọọrọ ló ń fi ìlà sílẹ̀. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kan, mo dúró bí ìdajì wákàtí, mo tún kùn ún. Tó bá jẹ́ dúdú, aró búlúù tó ṣú ni mo kọ́kọ́ ń lò ní ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, dúdú á wá gun orí ẹ̀, ó máa dúdú kirikiri láìjẹ́ pé aró dúdú pọ̀ níbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú tó máa jókòó sójú awọ á sì dín kù. Lẹ́yìn náà mo fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, nínú ilé o, mi ò gbé e sóòrùn.

Ọjọ́ kejì níṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fò ó. Ẹ wá síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó ti gbó, ẹ máa fi nu awọ yẹn kíkankíkan, ẹ máa yí ibi tó mọ́ lára aṣọ síbẹ̀, ẹ nù ún títí aṣọ ò fi ní dúdú mọ́. Dúdú lè gbà yín tó ogún ìṣẹ́jú lórí bẹ́líìtì kan. Apá á ro yín. Ẹ má dáwọ́ dúró. Tí aṣọ gbígbẹ bá ti ń jáde ní funfun, ẹ fi omi díẹ̀ rin aṣọ mìíràn, ẹ fún un gbẹ, ẹ tún nù ún, torí òógùn lomi, tí kò bá bọ́ sára aṣọ gbígbẹ ó ṣì lè bọ́ sára aṣọ tútù. Ìgbà tí aṣọ tútù yẹn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkankan lára mọ́, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó ronú òróró.

Òróró tí mo ń lò ni neatsfoot oil, ara egungun ẹsẹ̀ màlúù ni wọ́n ti ń sè é jáde, ẹ wo ara ìgò kó jẹ́ ògidì, torí èyí tí wọ́n ti lú mọ́ nǹkan mìíràn wà lọ́jà. Mo máa rẹ àkísà díẹ̀ sínú ẹ̀, mo fà á kọjá lójú awọ lẹ́ẹ̀kan, tán. Mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọ̀ bákan bákan tẹ́ ẹ ń rí yẹn, apá kan ẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò dúró kí òróró fẹ ara ẹ̀, ó máa ń rìn nínú awọ fúnra ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ibi tó dúdú lónìí lè ti dọ́gba lọ́la. Ó kéré tán ẹ fún un ní òru kan kẹ́ ẹ tó ní kò dáa.

Fún àkọ̀ ìbọn o, mo máa ń fi òróró ṣọ́wọ́n gidi ni. Àkọ̀ gbọ́dọ̀ le. Mo ti fi omi rẹ awọ yẹn, mo ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbọn onírọ́bà títí tó fi mú àwòrán ẹ̀, bó bá wá gbẹ tó le báyẹn, òun ló ń di ìbọn mú kó má jábọ́ nígbà téèyàn bá sáré. Ẹni tó bá da òróró sí i títí tó fi rọ̀ ti fọwọ́ ara ẹ̀ tú iṣẹ́ náà ká. Àkọ̀ àdá yín náà bẹ́ẹ̀ ni, tó bá rọ̀ jù ẹnu àdá á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ẹsẹ̀ ọdẹ ló máa gé. Kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn oníbàárà yín kí wọ́n má fi ọ̀bẹ tàbí àdá sùn sínú àkọ̀ láti oṣù dé oṣù, awọ ń mu ọ̀rinrin, ohun tí wọ́n sì fi ṣe awọ yẹn ní kíkan nínú, irin á dípẹtà.

Fíníṣì wá kẹ́yìn. Resolene lèmi ń lò, ẹ má lò ó bó ṣe wà nínú ìgò, ẹ bu omi là á ìdajì ìdajì, ẹ fi fóòmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin fà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ dúró wákàtí kan, ẹ tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó nípọn ló ń sán. Ẹ kọ́kọ́ dá ihò, ẹ gbẹ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́, fíníṣì ni kó gbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn bẹ́líìtì náà o, ibi tó ń kan ṣòkòtò gan-an! Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi fíníṣì síwájú nìkan, ẹ̀yìn ló sì ń ba aṣọ jẹ́.

Ìyá Bàtà, Mushin

Ẹ kú àlàyé o, ọmọ mi ti Houston, Ọlọ́run á máa fún yín lókun níbẹ̀. Bàtà àti báàgì ni tèmi, ọjà awọ Mushin níbí ni mo ti ń ra awọ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́.

Ọmọ mi ti Ìbàdàn, òróró ẹ̀pà, rárá o. Má tún dán an wò mọ́. Oúnjẹ ni, ó máa kan, tó bá kan inú bẹ́líìtì yẹn a máa rùn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ tó bá pẹ́. Epo pupa ńkọ́, ìyẹn náà ò dáa, àwọ̀ ẹ̀ máa bá tìẹ jà. Tí neatsfoot bá wọ́n fún ẹ, òrí ni kó o wá, òrí tó mọ́, yọ́ ọ díẹ̀ lọ́wọ́ kó o fi pa á fẹ́lẹ́, èmi ń lò ó fún báàgì. Kìkì pé òrí máa ń dì tí òtútù bá mú, nígbà ọyẹ́ o lè rí funfun funfun lójú awọ láàárọ̀, fi aṣọ nù ún, á lọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí bọ̀ọ̀dá Houston ni pé awọ tó bá gan látilẹ̀wá, bí àwọn kan tó ń ti òkè wá yìí, mo máa ń fi òróró tín-ń-tín pa á kí n tó pa á láró, mo jẹ́ kó sùn ọjọ́ kan, aró á wá mu dọ́gba, kò ní mu jù níbì kan. Tó bá jẹ́ pé òróró pọ̀ ṣá, aró ò ní wọlé, ìyẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Mo ti ń ṣe é tipẹ́, kò já mi kulẹ̀ rí.

Gọ́ọ̀mù ńkọ́? Mo rí i nínú fọ́tò àkọ̀ àdá tó o gbé síbí lóṣù tó kọjá, ibì kan wà lẹ́bàá ojú abẹ́rẹ́ tó funfun, gọ́ọ̀mù ló kàn án. Ibi tí gọ́ọ̀mù bá kàn aró ò ní wọ ibẹ̀ láyé. Tó bá kán sí i, jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ kó o fi ìka yí i kúrò, má nù ún nígbà tó ṣì tutù, wàá tẹ̀ ẹ́ mọ́nú ni.

Etí bẹ́líìtì ni mo fi ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Wọ́n á ṣe ojú ẹ̀ kó dán, etí á rí jáújàu bí ẹni pé eku jẹ ẹ́. Fi irinṣẹ́ gé ìgun etí méjèèjì kó lè yí, fi sáńpépà 220 ra á, kó o lọ sí 400, lẹ́yìn náà 600, pa á láró kó gbẹ, fi omi díẹ̀ tàbí gọ́ọ̀mù tragacanth (oje igi ni, kì í ṣe gọ́ọ̀mù tá a fi ń lẹ nǹkan) pa á, kó o wá mú aṣọ kánfáàsì tàbí igi tó yọ̀ kó o máa fi ra á kíákíá títí ọwọ́ ẹ á fi gbóná. Ó máa dán bíi gíláàsì. Fi ìda oyin ra á lójú, tún fi aṣọ ra á. Iṣẹ́ etí yẹn lè gba àkókò ju gbogbo ojú bẹ́líìtì lọ, kò burú, ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé tó bá ṣí sílẹ̀.

Oòrùn tó o sá a sí yẹn náà wà nínú ohun tó jẹ́ kó gan. Abẹ́ òjìji, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

AláwọÌbàdàn

Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo yín, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, mo ti gé etí awọ yẹn wò, àwọ̀ igi ni látòkè délẹ̀, mo kán omi sí i ó mu ún, torí náà veg-tan ni. Mo wá mú bẹ́líìtì dúdú kan tó kù sílé, mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó rin díẹ̀ nù ún lẹ́yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, dúdú ló jáde bí ìgbà téèyàn nu ìdí ìkòkò. Mi ò fi nǹkankan sí ẹ̀yìn rí, bọ̀ọ̀dá Houston, ojú nìkan ni mo máa ń kùn.

Mo tún fẹ́ béèrè, ẹnì kan sọ fún mi pé èèyàn lè fi fínígà àti irin ṣe dúdú tí kò ní bọ́ sára aṣọ láé. Ṣé òótọ́ ni? Torí dúdú làwọn ọdẹ ń béèrè jù.

Ọmọ Ìṣọ̀nà, Ọ̀yọ́

Òótọ́ ni, àbúrò, kì í sì í ṣe nǹkan tuntun, àwọn aláwọ láyé àtijọ́ mọ̀ pé irin àti awọ tí wọ́n fi èso igi ṣe, tí wọ́n bá pàdé, dúdú ni wọ́n ń bí. Kì í ṣe aró. Ohun tó wà nínú bàgàrúwà tó sọ awọ di awọ, òun ni irin ń bá ṣiṣẹ́, torí náà inú awọ fúnra ẹ̀ ló ti ń dúdú, kò sí lẹ́búlẹ́bú kankan tó máa jókòó sókè. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń bọ́. Ìdí nìyẹn náà tí kò fi lè ṣiṣẹ́ lára awọ kúróòmù.

Wá fínígà funfun lítà kan. Wá wáyà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ha ìkòkò, èyí tó jẹ́ irin gidi tó máa ń dípẹtà, tàbí ìṣó lásán, má lo ìṣó tí wọ́n ti fi síńkì bò. Fi ọṣẹ fọ wáyà náà dáadáa torí òróró máa ń wà lára ẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan tó, kó o sọ ọ́ sínú fínígà. Má dé ìdérí ẹ̀ pa o! Gáàsì ń jáde níbẹ̀, ó lè fọ́ ìgò, gáàsì yẹn sì ń gba iná. Gbé e síbi tí ọmọdé ò ní dé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, kó o sẹ́ ẹ.

Tó o bá ti gé bẹ́líìtì, tó o dá ihò, rì í sínú ẹ̀ tàbí kó o fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kùn ún. Á kọ́kọ́ rí bí eérú, má bẹ̀rù, ó ń bọ̀. Tí kò bá dúdú tó, ohun tí irin fẹ́ bá ṣiṣẹ́ ló ṣọ́wọ́n nínú awọ yẹn, rẹ ẹ́ sínú tíì Lipton tó le gan-an kó o tó fi fínígà kàn án, tàbí omi bàgàrúwà tó o bá rí i rà lọ́wọ́ àwọn Hausa ní Ṣáṣá. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, fi ṣíbí ńlá kan baking soda sínú lítà omi kan, fi ṣan awọ yẹn kí kíkan fínígà lè kú, má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ torí sódà náà ń ba awọ jẹ́, kó o fi omi gidi ṣàn án tán. Kó tó gbẹ pátápátá, nígbà tó ṣì tutù lọ́wọ́, ni kó o fi òróró fẹ́lẹ́ pa á, torí ìlànà yìí ń gbẹ awọ. Á máa rùn bíi fínígà fọ́jọ́ díẹ̀, á lọ.

Ṣe ẹ̀já kékeré kan ná kó o tó gbé bẹ́líìtì odidi wọ ibẹ̀.

AláwọÌbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ṣe méjì, ọ̀kan lọ́nà ti bọ̀ọ̀dá Houston, búlúù sísàlẹ̀ dúdú sókè, ìdajì ìdajì, ogún ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ sọ yẹn gbà mí ní bíi ogójì torí mi ò fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹ́kù, mo nu ojú mo nu ẹ̀yìn. Ìkejì lọ́nà ti bàbá, fínígà. Ti àkọ́kọ́ mo kó ìda oyin sí etí ẹ̀ bí màmá ṣe sọ, mo fi kánfáàsì ra á, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ṣùgbọ́n ẹ wo etí yẹn nínú fọ́tò, èmi fúnra mi ò lè gbójú kúrò lára ẹ̀. Mo fi àwọn méjèèjì di ìdí fúnra mi lórí ṣòkòtò funfun fún ọ̀sẹ̀ kan kan, mo fi rìn lọ sí Dùgbẹ̀ nínú oòrùn, mo fi òógùn rẹ ẹ́ dáadáa. Fínígà ò fi nǹkankan sílẹ̀. Ti bọ̀ọ̀dá Houston fi ìlà kékeré kan tó rí bí eérú sílẹ̀ lẹ́bàá ihò, níbi tí mo ti dá ihò lẹ́yìn tí mo fi fíníṣì sí i, mo gbàgbé, ibẹ̀ nìkan. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Mo gbé ti fínígà fún oníbàárà tí ṣòkòtò ẹ̀ bàjẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbà á.

Àwọn búráùn mẹ́ta tí mo ti fi fíníṣì tó nípọn bò ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ṣeé tún ṣe?

Àkọ̀Ìbọn_Houston

Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀ọ̀dá, inú mi dùn gan-an sí etí yẹn. Fíníṣì ò tíì dé inú ihò tẹ́ ẹ dá gbẹ̀yìn, ẹ fi òwú kékeré tó rin fún fíníṣì yí inú ihò náà ká, á dá.

Àwọn búráùn yẹn, fíníṣì ṣeé yọ. Ẹ wá acetone, èyí tí wọ́n fi ń nu kúteèsì kúrò léèkánná, ẹ rẹ ẹ́ sára àkísà, ẹ máa nù ún díẹ̀díẹ̀, fíníṣì á rọ̀ á sì bá àkísà jáde, aró díẹ̀ máa bá a lọ. Ẹ ṣe é níta, iná ò gbọdọ̀ sí nítòsí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún, ẹ wá pa á láró búráùn tó ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó lè bo àbàwọ́n òróró, kẹ́ ẹ tó fi fíníṣì fẹ́lẹ́ sí i. Òróró ẹ̀pà tó ti wọnú ẹ̀, ìyẹn ò ṣeé fà jáde tán mọ́, torí náà ẹ má tà wọ́n, ẹ máa lò wọ́n fúnra yín tàbí kẹ́ ẹ gé wọn sí okùn àkọ̀ tí kò ní kan aṣọ ẹnikẹ́ni.